Ta Ló Rí Ládàánì?

“À ń gbọ́ ohùn ládàánì, ta ló rí ládàánì?” Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé apá Ìdí-Ìrá rí, tàbí tí ẹ fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, òwe yìí kò lè ṣàjèjì sí yín. Wọ́n máa ń pa á fún ọmọ tó wà lájò, wọ́n máa ń pa á fún àna, wọ́n sì máa ń pa á fún ara wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn wọ́n dé egungun. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí à ń pa á ló mọ gbòǹgbò rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwàdà ni, pé ládàánì ọ̀lẹ kan ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kì í ṣe àwàdà rárá. Ẹkún ló bí i, ẹnu obìnrin ẹlẹ́kọ kan ló sì ti kọ́kọ́ jáde.

Àwáwù ni orúkọ obìnrin náà. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún Kàsúmù Àdìgún, ládàánì mọ́ṣáláṣí ńlá Ìdí-Ìrá. Ládàánì, bí a ti mọ̀, ni ẹni tó ń fi ohùn pe àwọn ènìyàn wá kírun nígbà márùn-ún lójúmọ́. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni Kàsúmù fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sí ẹ̀rọ, kò sí olùrànlọ́wọ́, àfi ọwọ́ tó máa ń fi bo etí àti ọ̀fun tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀. Òkìtì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, orí rẹ̀ ló máa ń dúró sí. Bí ó bá ti kọjú sí ìlà-oòrùn tó sì ké, ẹni tó ń lọ sóko á sọ ọkọ́ kalẹ̀, aboyún á yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ẹní, ajá pàápàá á dákẹ́.

Òkè-Odò ni ilé ọkọ Àwáwù wà, ní òdì kejì odò kékeré tó la ìlú náà já. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń wà nídìí iná níbi tó ti ń ro ẹ̀kọ. Bí ó ti ń fi orógùn yí ìkòkò ni etí rẹ̀ á wà lọ́nà mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí ohùn bàbá rẹ̀ bá dé, tó sì kan ibi tí wọ́n ti ń sọ pé ìrun sàn ju oorun lọ, Àwáwù á mí kanlẹ̀, á sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà tó ti ń sọ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú: “Bàbá mi ti jí.” Bí ohùn náà bá há, á mọ̀ pé òtútù ti mú un, á sì fi ata kún ọbẹ̀ tó fẹ́ gbé lọ fún un. Bí ó bá pẹ́ kí ohùn náà tó jáde, á mọ̀ pé orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láti ìdí ìkòkò ẹ̀kọ ló ti ń ka ìlera bàbá rẹ̀ bí àfáà ti ń ka tírà.

Kàsúmù náà mọ̀ pé ọmọ òun ń gbọ́ òun. Ó fi oríkì pè é lọ́jọ́ kan, ó ní, “Àṣàbí, bí mo bá ń ké, ilé-ilé ni mo máa ń pè wọ́n. Ojú mi á máa lọ láti agbolé dé agbolé. Màá pe ilé Alágbẹ̀dẹ, màá pe ilé Ẹlẹ́mu tí kì í wá, màá pe àwọn ará ẹ̀yìn odi. Tìrẹ ni mo máa ń pè kẹ́yìn, kí n lè fà á gùn.”

Ọdún tí Kàsúmù pé ọgọ́rin ọdún ni orúnkún rẹ̀ kọ òkìtì. Ọ̀pá ló kọ́kọ́ fi ń gùn ún, nígbà tó yá, ènìyàn méjì ló ń tì í lẹ́yìn. Inú ọdún yẹn náà ni Àlàájì Gàníyù, ọmọ ìlú tó ń ta aṣọ ní ìlú ńlá, wá sílé ọdún iléyá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí àrọ, àti rẹkọ́dà kan tó ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀. Ẹ má ṣe bínú sí Àlàájì Gàníyù. Ènìyàn rere ni, ó sì fẹ́ràn ládàánì. Kàsúmù ló pe ìrun sí i létí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá wa ti ṣe iṣẹ́ tó. Ẹ jẹ́ kí ara wọn sinmi, kí ohùn wọn máa bá wa ṣe é lọ.”

Gbogbo jámáà ló ṣe àmín. Wọ́n mú Kàsúmù wọ pálọ̀ Lèmọ́mù Sànúsí, wọ́n ti fèrèsé pa kí ariwo ewúrẹ́ má baà wọlé, wọ́n sì gbé rẹkọ́dà sí iwájú rẹ̀. Bàbá arúgbó náà wo ògiri ọ̀tún, ó wo ògiri òsì.

Ó béèrè pé, “Ta ni mo ń pè níbí?”

Àlàájì Gàníyù dáhùn pé, “Ẹ ṣáà pè, Bàbá. Ẹ̀rọ yìí ló máa bá yín dé ilé gbogbo.”

Ó pè é. Ó pe ti àsùbáà, ó sì pe ti ìrun mẹ́rin tó kù. Nígbà tó ń pe ti àsùbáà, ikọ́ kékeré kan gbé e láàárín, ó hú u lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń bá ìpè rẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ kí ó tún un pè, Lèmọ́mù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ikọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Onímọ̀ iná kan tí Àlàájì mú wá so rẹkọ́dà náà mọ́ aago, ó so aago mọ́ bátìrì ọkọ̀, débi pé bí àsìkò ìrun bá ti tó, ẹ̀rọ náà á pe ìrun fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún ọmọ ènìyàn ni kí Sàláwù aránṣọ, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, máa dá téèpù náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lálaalẹ́.

Ní àsùbáà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ pè, Àwáwù ń ro ẹ̀kọ. Ohùn náà dé, ó ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì mọ́ gaara. Àwáwù ní, “Bàbá mi ti jí.” Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló gbọ́ ikọ́. Ó sọ orógùn sílẹ̀, ó wá oyin, ó fi omi gbígbóná pò ó, ó sì gba orí afárá kọjá pẹ̀lú ife tó fi aṣọ bò. Nígbà tó dé, bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ orín, ara rẹ̀ le koko.

“Bàbá mi, ẹ kú àárọ̀. Ikọ́ yín ńkọ́?”

“Ikọ́ wo?”

“Èyí tí ẹ hú nídìí ìpè.”

Kàsúmù bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Àṣàbí, ikọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo gbé oyin wá fún yìí o!” Àwáwù náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mu oyin náà bí ó ti rí. Ìgbà tó mu ún tán ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó sì béèrè ohun tó ti wà nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀.

“Nígbà tó ń pè láàárọ̀ yìí, mo ṣì dùbúlẹ̀. Ta wá ni láádá rẹ̀ ń lọ bá? Èmi tí mo sùn ni, àbí ẹ̀rọ tí kì í sùn?”

Kàsúmù gbé ìbéèrè náà tọ Lèmọ́mù lọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Lèmọ́mù Sànúsí jẹ́ ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀, kì í sì í parọ́. Ó ronú títí, ó sì ní, “Kàsúmù, ohun tí àwọn àfáà mi kọ́ mi kò dé ibi yẹn. Ọlọ́run ló mọ̀ jù.” Kàsúmù dúpẹ́, ó fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó lọ sílé. Àwọn tó rí i lọ́jọ́ náà sọ pé ó rìn bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbì kan tí kò rántí ibẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìlú ti ní èsì tiwọn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn wọ inú ìgbàgbọ́ wọn, tí ó sì tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè é. Àwọn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi sábẹ́ gbohùngbohùn náà ní àsùbáà, kí ìpè lè bọ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n fi wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn ọmọdé ń béèrè lọ́wọ́ ìyá wọn bóyá inú ẹnu irin yẹn ni Bàbá Ládàánì ti ń jẹun. Àwọn àgbà kò béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìyá àgbà kan ní ilé Alágbẹ̀dẹ sọ pé walí, àyànfẹ́ Ọlọ́run, ni Kàsúmù, pé ẹni tí ohùn rẹ̀ kò bá darúgbó, ikú kò ní mọ iye ọjọ́ orí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn ènìyàn, wọ́n ń tún un sọ kiri.

Nǹkan kan tún wà tí kò sí ẹni tó kíyè sí. Láyé ìjọ́un, bí Kàsúmù bá pẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó tó pe àsùbáà, ènìyàn bíi mẹ́wàá ni yóò ti dé ilé rẹ̀ láti mọ ohun tó ṣe é. Ẹ̀rọ kì í pẹ́. Nítorí náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni á fi lọ.

Ilé Kàsúmù sì ti dá wà. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé agbolé náà ti kọ́lé sí etí títì tuntun, wọ́n ti kó lọ. Òun nìkan ló kù nídìí àwọn igi kajú tó yí ilé náà ká. Àwáwù bẹ̀ ẹ́ títí kí ó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Òkè-Odò, ó kọ̀. Ó ní ilé ọkọ kì í ṣe ibi tí bàbá ìyàwó ń kú sí. Orúnkún rẹ̀ kò gbé e dé mọ́ṣáláṣí mọ́, orí awọ àgùntàn rẹ̀ nínú yàrá ló ti ń kírun. Ojoojúmọ́ ni Àwáwù ń gbé oúnjẹ lọ fún un.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Àárín ọyẹ́ yẹn ni Rábí, àkọ́bí Àwáwù, wá bímọ sí ilé ìyá rẹ̀, nítorí awakọ̀ àjò ni ọkọ rẹ̀, kì í gbélé. Ọmọ náà dé lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin ni. Lọ́jọ́ Ajé, Àwáwù gbé ẹ̀kọ mẹ́fà àti ọbẹ̀ ẹja lọ fún bàbá rẹ̀, ó sì fún un ní ìròyìn náà. Kàsúmù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣàdúà gígùn.

Ó ní, “Lọ́jọ́ kẹjọ, kí wọ́n fi nǹkan gbé mi wá. Èmi ni màá pe ìrun sí i létí. Ẹnu ara mi ni màá fi pè é.” Ó hú ikọ́ díẹ̀, ó sì ní, “Ó pẹ́ tí mo ti pe ẹnì kan.”

Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ibà gbé Rábí. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Àwáwù kò lè fi í sílẹ̀, kò sì lè gbé ọmọ tuntun jáde sínú ọyẹ́; àwọn ará ilé tó kù sì wà lóko, kò rí ẹni rán. Ní àsùbáà ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ohùn bàbá rẹ̀ la odò kọjá, ikọ́ méjì náà wà níbẹ̀. Àwáwù gbé ọmọ dání lẹ́sẹ̀ iná, ó ní, “Bàbá mi ti jí.” Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, bákan náà. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, bákan náà. Ẹ má ṣe bi mí pé ṣé kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Orí rẹ̀ mọ̀. Etí rẹ̀ ni kò mọ̀, etí yẹn sì ti ń gbọ́ ohùn náà kí orí tó mọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ibà Rábí rọlẹ̀. Àwáwù di ẹ̀kọ, ó dá ọmọ padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà afárá. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, Sàláwù aránṣọ ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

“Ìyá Rábí, ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú ọwọ́ lómi o.”

“A dúpẹ́, Sàláwù. Bàbá mi ńkọ́?”

“Haa, wọ́n wà dáadáa. Ṣé ẹ ò gbọ́ wọn láàárọ̀ yìí ni?”

“Mo gbọ́ wọn,” ni Àwáwù wí, ó sì kọjá. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ lójú ara wọn.

Ìlẹ̀kùn ilé Kàsúmù wà ní títì. Eruku ọyẹ́ ti tẹ́ sí ojú àtẹ̀gùn bí ìyẹ̀fun, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan lórí rẹ̀. Àwáwù rí eruku náà kó tó kan ìlẹ̀kùn. Ó ní, “Bàbá mi, àgò.” Ó tún un sọ. Ó fi èjìká ti ìlẹ̀kùn.

Kàsúmù wà lórí awọ àgùntàn rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní etí. Bóyá ó ń pe ìrun ni, bóyá ó ń pe ènìyàn ni, kò sí ẹni tó lè sọ. Bí ó bá tilẹ̀ pè, ohùn arúgbó kan láàárín igi kajú kò lè borí ohùn ara rẹ̀ tó ń ti ẹnu irin jáde lórí òrùlé mọ́ṣáláṣí. Ara rẹ̀ ti tutù, ó ti le. Nínú ẹ̀kọ mẹ́fà tí Àwáwù gbé wá lọ́jọ́ Ajé, márùn-ún ṣì wà nínú ewé.

Àwáwù kò ké. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò lójú bàbá rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń nu ọmọ tó ń sùn, títí tí obìnrin kan tó wá ṣẹ́gi fi gba ẹnu ọ̀nà kọjá tó rí wọn, tó sì figbe ta.

Kí oòrùn tó mú, agbolé náà ti kún. Lèmọ́mù Sànúsí dé, Sàláwù sáré dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ṣì wà ní àyà aṣọ rẹ̀, Àlàájì Gàníyù tó wálé ní ọ̀sẹ̀ náà dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn, wọ́n ń sọ ọ́ fún ara wọn bí ẹni ń rojọ́: “Ṣebí a gbọ́ ohùn wọn láàárọ̀ yìí.” “Èmi fi ohùn wọn jí lánàá.” “Àní ikọ́ wọn, mo gbọ́ ọ.” Ẹnì kan tilẹ̀ ní òun wí fún ìyàwó òun lọ́jọ́ Ọjọ́rú pé ara bàbá le.

Àwáwù jáde sí wọn. Ìró rẹ̀ funfun fún eruku. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti máa ń wo ilé-ilé.

“Gbogbo yín gbọ́ ohùn ládàánì,” ni ó wí. “Èmi náà gbọ́ ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbọ́ ọ, tí mo ń sọ pé bàbá mi ti jí. À ń gbọ́ ohùn ládàánì.” Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́. “Ta ló rí ládàánì?”

Lèmọ́mù wo ilẹ̀. Sàláwù yí ojú sí ògiri.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìsìnkú lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin wọlé láti wẹ òkú, àwọn tó kù ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ìwẹ̀ náà ti dé ìdajì nígbà tí àsìkò ìrun ọ̀sán tó. Nínú ìdàrúdàpọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó rántí ẹ̀rọ. Aago rántí. Ohùn Kàsúmù Àdìgún jáde láti orí mọ́ṣáláṣí, ó mọ́ gaara, ó lágbára, ó ń pe gbogbo ìlú wá síbi ìrun, nígbà tí omi ń ṣàn lára rẹ̀ lórí pákó.

Igbá omi bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́. Ìyá àgbà ilé Alágbẹ̀dẹ dìde dúró pẹ̀lú ẹ̀rín lójú, ó ní, “Mo wí fún yín!” Àwáwù, tí kò tíì sunkún láti òwúrọ̀, fo dìde, ó kọjú sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ó sì fi gbogbo ara dáhùn pé, “Bàbá mi!” Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbé e dé ìdí igi kajú kí àwọn obìnrin tó rí i dì mú. Ibẹ̀ ni ẹkún ti já lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ẹkún náà kò gbàgbé rẹ̀.

Sàláwù ni ó sáré. Ó sáré láìwọ bàtà, ó gun àkàbà mọ́ṣáláṣí, ó sì fa okùn iná já. Ìpè náà gé sí méjì láàárín ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó gẹ́gẹ́ bí ìlú mùsùlùmí, wọn kò gbọ́ ìpè tí kò parí rí. Àwọn ènìyàn dúró, wọn kò mọ bóyá àsìkò ìrun ti wọlé tàbí kò tíì wọlé, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti wo òjìji láti fi mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó yá, Lèmọ́mù Sànúsí fi ọ̀pá tẹ koríko tó ti bo òkìtì àtijọ́ náà mọ́lẹ̀, ó gun orí rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo etí. Kò ní ohùn. Àárín ìpè ló ti ń mí, ibì kan wà tí ẹkún gbé e, tó sì dúró kó tó lè máa lọ. Síbẹ̀ ó parí rẹ̀. Wọ́n kírun, wọ́n kírun sí òkú lára, wọ́n sì sin Kàsúmù kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ bọ́ sí ọjọ́ kẹrin ìsìnkú. Kò sí ẹni tó ní ẹnu ayẹyẹ. Àlàájì Gàníyù wá pẹ̀lú téèpù náà nínú aṣọ funfun. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó kúnlẹ̀ fún Àwáwù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n.

“Ìyá Rábí, mo gbọ́ pé wọ́n ṣèlérí láti pe ìrun sí ọmọ yìí létí. Mo gbé rẹkọ́dà wá. Ẹ jẹ́ kí ohùn wọn mú ìlérí wọn ṣẹ. Mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.”

Àwáwù gba téèpù náà. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí i pé ó wù ú. Ó gbé e mọ́ àyà. Nínú yàrá, ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

“Ẹ dìde, Àlàájì. Ẹni tó máa pe ọmọ yìí,” ni ó wí nígbẹ̀yìn, “ó yẹ kó lè gbọ́ ọ nígbà tó bá ń ké.”

Lèmọ́mù ló pe ìrun sí ọmọ náà létí. Wọ́n sọ ọ́ ní Kàsúmù. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Lèmọ́mù sọ fún jámáà pé òun ti ronú sí ìbéèrè tí olóògbé bi òun, pé òun kò tíì rí èsì, pé òun sì ń bẹ Ọlọ́run kí ó má ṣe bi òun ní ìbéèrè mìíràn tó le jù ú lọ: ìgbà wo ni òun lọ wo Kàsúmù kẹ́yìn? Wọ́n fi ládàánì tuntun joyè. Ohùn rẹ̀ kò dára, àwọn ènìyàn sì máa ń kùn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó bá pẹ́, wọ́n máa ń lọ wò ó.

Àlàájì kò gba téèpù náà padà. Àwáwù tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ rẹ̀, kò sì gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí gbogbo ilé lọ sóko ìkórè, ó yá rẹkọ́dà lọ́wọ́ aládùúgbò, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ìpè náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gbọ́ ikọ́ méjèèjì, ó gbọ́ ọ títí ó fi parí. Rábí, tó padà wálé láìròtẹ́lẹ̀, ló rí i láti ojú fèrèsé. Ó ní ìyá òun wà lórí eékún níwájú ẹ̀rọ náà, ó ti kí i pé, “Bàbá mi, ẹ kú ọ̀sán,” ó sì tẹ orí sílẹ̀, ó ń dúró de èsì. Ó pẹ́ lórí eékún náà kó tó rántí.

Ibi tí òwe náà ti wá nìyẹn. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó bá ń sọ pé ara ìyá òun yá nítorí pé òun ń gbúròó rẹ̀, tàbí fún ẹni tó ń fi iṣẹ́ rírán, ẹ̀bùn, àti lónìí yìí, ohùn orí fóònù, rọ́pò ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọn kì í pa á láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọn kì í sì í pa á lójú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣọ̀fọ̀. Bí wọ́n bá pa á fún ọ, má ṣe dáhùn, má sì ṣe ṣàlàyé. Wọ bàtà rẹ, kí o lọ sílé lọ wò wọ́n. À ń gbọ́ ohùn ládàánì, ta ló rí ládàánì?